Oyún Ìbejì: Ohun Tí Ara Lè Sọ, àti Ohun Tí Síkáànù Nìkan Lè Sọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin agbẹ̀bí àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fojú sọ́nà fún ọmọ.

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ dé ẹnu aláboyún tó bá rí i pé ara òun ń ṣe ju bó ṣe yẹ lọ: "Àbí ìbejì ni?" Èébì ò dáwọ́ dúró, aṣọ tó ń wọ̀ níjọ́sí ti ń fún un níbàdí kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, oorun sì ń gbé e lọ lọ́sàn-án gangan. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, àwọn tó yí i ká ti wo ikùn, wọ́n ti dájọ́.

A ó sọ ìdáhùn wa kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Kò sí àmì kan lára, bó ti wù kó le tó, tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ méjì ló wà nínú. Iṣẹ́ tí àmì ń ṣe ni pé kó tì yín lọ síbi síkáànù lásìkò. Síkáànù náà sì ní ohun méjì tó gbọ́dọ̀ kà: iye ọmọ, àti iye ibi ọmọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní olóbì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbọ́ "méjì ni," tí ayọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n béèrè ìkejì. Bẹ́ẹ̀, ìkejì yẹn ló ń sọ bí a ó ṣe tọ́jú oyún náà títí dé ọjọ́ ìbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìbejì ṣe ń dé inú. Ọ̀nà méjì ni. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹyin méjì ló jáde lára obìnrin nínú oṣù kan náà, àtọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò jọra ju bí ọmọ ìyá méjì mìíràn ṣe ń jọra lọ. Wọ́n lè jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n sì lè jẹ́ irú kan náà. Kálukú ló ní ibi ọmọ tirẹ̀ àti àpò omira tirẹ̀. Nínú ọ̀nà kejì, ẹyin kan àti àtọ̀ kan ló pàdé, oyún náà ló wá pín sí méjì. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀kan máa ń jọ èkejì bí ẹni pọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí pípín náà wáyé ló ń pinnu ohun tí wọn yóò jọ máa lò. Bó bá wáyé láàárín ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àtọ̀ wọ ẹyin, kálukú á ní ibi ọmọ tirẹ̀ àti àpò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹlẹ́yin méjì. Bó bá jẹ́ láàárín ọjọ́ 4 sí 8, ibi ọmọ kan ni wọn yóò jọ máa lò, àmọ́ àpò omira wọn á jẹ́ méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ 8 títí dé nǹkan bí ọjọ́ 13, ibi ọmọ kan, àpò kan, ìwọ́ méjì tó lè lọ́ mọ́ra. Bó bá tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ara wọn lè má pínyà tán. Nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta àwọn ìbejì ẹlẹ́yin kan ló ń lo ibi ọmọ kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ta wá ló ṣeé ṣe kó bí ìbejì? Ti ẹlẹ́yin kan kì í ṣe ohun ìdílé ní ọ̀pọ̀ ìgbà: káàkiri ayé, nǹkan bí 3 sí 4 ni nínú 1,000 ìbí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ti ẹlẹ́yin méjì ló ń yàtọ̀. Ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ó sì ṣọ̀wọ́n jù ní ìlà oòrùn Éṣíà. Ó ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ìyá ṣe ń ròkè títí dé bí ọdún 35 sí 39, nítorí pé họ́mọ̀nù tó ń mú ẹyin gbó máa ń pọ̀ sí i lára obìnrin lásìkò yẹn, ó sì lè mú ẹyin méjì gbó lẹ́ẹ̀kan. Ó tún pọ̀ lára ẹni tó ti bímọ rí lọ́pọ̀ ìgbà, lára obìnrin tó ga tàbí tó sanra, àti lára ẹni tí ìyá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ti bí ìbejì ẹlẹ́yin méjì.

Níbí la ti gbọ́dọ̀ tú àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ palẹ̀. Ọkọ tí ìran rẹ̀ kún fún ìbejì kò lè mú kí ẹyin méjì jáde lára ìyàwó rẹ̀, torí ara obìnrin ni ẹyin ti ń wá. Ohun tó lè ṣe ni pé kó gbé àjogúnbá náà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, kó wá hàn nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà tó lóyún. Ìdílé aláboyún fúnra rẹ̀ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti bàbá ọmọ.

Oògùn tí wọ́n fi ń mú ẹyin jáde tún ń kó ipa ńlá. Nínú 100 oyún tó bá tipasẹ̀ clomiphene wá, nǹkan bí 5 sí 10 ló máa ń jẹ́ ìbejì. Nínú IVF, níbi tí wọ́n ti ń mú ẹyin àti àtọ̀ pàdé lóde ara kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ, ọlẹ̀ méjì tí wọ́n bá gbé wọlé lè dúró méjèèjì, kódà ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbé wọlé lè pín sí méjì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà wọ̀nyí lóyún kò gbọ́dọ̀ dúró de àmì kankan kó tó lọ ṣe síkáànù àkọ́kọ́.

Ó wá kan àwọn àmì fúnra wọn. Họ́mọ̀nù tí à ń pè ní hCG ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹran ara tí yóò di ibi ọmọ ló ń ṣe é. Níbi tí ẹran ara yìí bá ti pọ̀, bó ṣe sábà máa ń rí nínú oyún ìbejì, hCG máa ń pọ̀ ju ti ọlọ́mọ kan lọ. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi gbà gbọ́ pé bí ìlà bá dúdú kìrìkìrì lórí ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀, ìbejì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìlà náà ṣe dúdú tó wà lọ́wọ́ bí ìtọ̀ ṣe ki tó, iye ọjọ́ tó ti kọjá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù yẹ kó dé, àti irú ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n lò. Ìtọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù á fún yín ní ìlà tó dúdú. Ẹni kan náà tó bá mu omi púpọ̀ tó tún un ṣe lọ́sàn-án á rí ìlà tó ṣá.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sàn díẹ̀ torí ó ń fúnni ní nọ́ńbà. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, nọ́ńbà yìí sábà máa ń di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 48 sí 72. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín aláboyún kan sí èkejì pọ̀ gan-an: ní ọjọ́ oyún kan náà, nọ́ńbà ọlọ́mọ kan lè ju ti oníbejì lọ dáadáa. Bí nọ́ńbà bá wá ga ju ti ọjọ́ orí oyún lọ, ohun mẹ́ta ló yẹ kó wá sí wa lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé a ṣi ọjọ́ kà. Ó lè jẹ́ ìbejì. Ó sì lè jẹ́ oyún tí kò dára, èyí tí ibi ọmọ rẹ̀ wú di ìdì omi róbótó-róbótó bí èso àjàrà, tí ó sábà máa ń jẹ́ pé kò sí ọmọ níbẹ̀. Ìkẹta yìí kò ṣeé fi falẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé "hCG rẹ ga," kó lọ jókòó sílé kó máa ra aṣọ ọmọ méjì-méjì.

Èébì ńkọ́? Lóòótọ́, èébì tó le máa ń pọ̀ sí i nínú oyún ìbejì. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, á le jù lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9, á sì rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Ṣùgbọ́n oníbejì wà tí kò bì lẹ́ẹ̀kan, ọlọ́mọ kan sì wà tó bì títí tí wọ́n fi dá a dúró sílé ìwòsàn. Ohun tó kàn wá ju iye ọmọ lọ ni bí èébì náà ṣe rí. Bí oúnjẹ tàbí omi kò bá dúró nínú odindi wákàtí 24, bí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tí ẹ kò tọ̀ fún wákàtí 8, bí òyì bá ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde, ilé ìwòsàn ni. Ẹ wọn ara yín bí ẹ bá ní ohun èlò rẹ̀: ẹni tó wọn kílò 70 kó tó lóyún, tó wá di 66.5, ti pàdánù ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ó ti kọjá èébì àárọ̀ lásán nìyẹn, omi ojú iṣan ló máa ń bá irú rẹ̀ wí.

Àárẹ̀, ọmú tó wú tó ń ro, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n lóru, èémí tó ń yára: gbogbo wọn lè le sí i bí ọmọ bá jẹ́ méjì. Aláboyún ọlọ́mọ kan náà mọ̀ wọ́n dáadáa, torí náà wọn kò ràn wá lọ́wọ́ láti fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì. Àárẹ̀ tó bá pọ̀ jù, tí ìpéǹpéjú inú sì funfun, ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ikùn tó tètè yọ ni àmì tí ojú gbogbo ayé ń rí, òun náà ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12, ilé ọmọ ṣì wà nínú ìbàdí, lẹ́yìn egungun abẹ́ ikùn. Ikùn tó yọ ní ọ̀sẹ̀ 8, afẹ́fẹ́ àti ìfun tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tàbí iṣan ikùn tó ti dẹ̀ látàrí oyún àtẹ̀yìnwá. Ní ọ̀sẹ̀ 12, orí ilé ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ lókè egungun abẹ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ 16, á ti dé bí agbedeméjì egungun náà àti ìdodo. Ní ọ̀sẹ̀ 20, á dé ìdodo. Bí agbẹ̀bí bá wá fọwọ́ kan orí ilé ọmọ níbi ìdodo ní ọ̀sẹ̀ 15, ohun tó yẹ kó béèrè ìdí rẹ̀ ló rí yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé, torí ìwọ̀n tí wọ́n bá ṣe kátikàti kò wúlò. Kí aláboyún kọ́kọ́ lọ tọ̀, nítorí àpò ìtọ̀ tó kún máa ń ti ilé ọmọ sókè, ó sì lè fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan kún un. Kó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kó ká eékún díẹ̀. Agbẹ̀bí á fi ìhà ọwọ́ wá orí ilé ọmọ láti òkè ikùn bọ̀ nísàlẹ̀, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ti yí tépù dojú dé kí nọ́ńbà má bàa ṣáájú ọwọ́ rẹ̀. Á di orí tépù mú sí orí ilé ọmọ, á fà á tààrà dé orí egungun abẹ́, ìgbà yẹn ni yóò tó yí i padà kà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 lọ, iye sẹ̀ǹtímítà máa ń sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀, kó fi 2 dín tàbí kó fi 2 lé. Ẹ̀yin náà rí i pé àmì yìí kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Ẹni tó bá dúró dè é ti jẹ́ kí àsìkò tó dára jù fún síkáànù kọjá.

Ilé ọmọ tó bá sì tóbi ju oṣù rẹ̀ lọ, ọjọ́ tí a ṣì kà ló máa ń fà á jù. Obìnrin kan lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tí oyún ti dúró, kó kà á sí nǹkan oṣù. Oyún ọ̀sẹ̀ 16 á wá di ọ̀sẹ̀ 12 lórí ìwé. Ìju, èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ìdì, lè mú ilé ọmọ tóbi. Omira tó pọ̀ jù lè mú un tóbi, bẹ́ẹ̀ náà ni kókó omi lára ilé ẹyin, ọmọ kan tó sanra, tàbí oyún tí kò dára tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìbejì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni.

Ọmọ tó ń yí ńkọ́? Ẹni tó ń lóyún àkọ́kọ́ sábà máa ń mọ̀ ọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ẹni tó ti bímọ rí lè mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ 16. Ọmọ kan ní ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, ó lè gbá òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyípadà ọmọ kò ka iye.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí lílù ọkàn, torí ibẹ̀ ni àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá ti máa ń ṣì í. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé lé ikùn, Doppler, lè gbọ́ ọkàn ọmọ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12. Fèrè onígi tí Adolphe Pinard, dókítà agbẹ̀bí ní Faransé, ṣe ní ọdún 1895 ń gbọ́ ọ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 20. Ọkàn ọmọ máa ń lù ní bí ìgbà 110 sí 160 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti ìyá sì máa ń wà láàárín 60 sí 100. Ẹni tó bá gbọ́ ìró kan ní apá òsì tó sì gbọ́ òmíràn ní apá ọ̀tún lè rò pé ọmọ méjì ni, kó sì jẹ́ pé ọkàn kan náà ló gbọ́ láti ihà méjì. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń ṣàn fùù gba inú ilé ọmọ ni. Bí ó bá tilẹ̀ ka 140 níbí, tó ka 152 lọ́hùn-ún, ọkàn ọmọ kan ṣoṣo lè yára láti 140 sí 152 láàárín ìgbà tó gbé ẹ̀rọ láti òsì sí ọ̀tún.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ènìyàn méjì, pẹ̀lú ohun èlò méjì, gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú kan náà ní ojú ibi méjì tó jìnnà síra, kí ẹnì kẹta di ọwọ́ ìyá mú kó máa ka ìlù iṣan rẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá fi ó kéré tán 10 yàtọ̀ síra, tí kò sì sí èyí tó bá ti ìyá mu, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ jọ ti ìbejì. Síkáànù ni yóò parí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra Doppler sílé láti fi wá ọmọ kejì. Ewu rẹ̀ ni pé ìró ẹ̀jẹ̀ ìyá á máa fi ọkàn ẹni balẹ̀ nígbà tó yẹ kéèyàn ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn.

Ó di ọdún 1958 kí Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow tó gbé ìwé wọn jáde lórí bí a ṣe lè fi ìró tí etí kò lè gbọ́ yàwòrán inú ikùn. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìbejì ló jẹ́ pé ọjọ́ ìbí ni a ń mọ̀ wọ́n. Lónìí, síkáànù tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe lè rí àpò oyún ní bí ọ̀sẹ̀ 5. Ní ọ̀sẹ̀ 5 àti ààbọ̀, á rí àpò oúnjẹ ọlẹ̀, òrùka funfun kékeré kan nínú àpò dúdú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, á rí ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ àti ọkàn tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Èyí tí wọ́n ń gba orí ikùn ṣe máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ ní bí ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ló dé tí síkáànù tó yá jù fi ń ṣìnà? Ní ọ̀sẹ̀ 5, àpò kan lè hàn kí èkejì tó tóbi tó ohun tí ojú lè rí. Ìbejì tó ń lo ibi ọmọ kan máa ń hàn bí àpò kan ṣoṣo, ẹni tí kò bá ka òrùka inú rẹ̀ á kọ "ọ̀kan" sílẹ̀. Ní òdìkejì, ẹ̀jẹ̀ tó dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò oyún lè jọ àpò kejì. Iṣan àárín ikùn náà sì lè tẹ ìró síkáànù, kí àwòrán àpò kan di méjì lójú ẹ̀rọ bí ohun tó wà nínú dígí. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé ojú ẹ̀rọ kúrò ní àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó gba ojú ara wò ó. Bí ó bá jẹ́ òjìji, á pòórá.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, méjì ni wọ́n rí lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7, nígbà tí wọ́n máa fi padà wò ó ní ọ̀sẹ̀ 12, ó ku ọ̀kan. Èyí wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ: nínú oyún ìbejì tí a tètè rí, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún tí ọ̀kan ń bọ́ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè yọ, ó sì lè má yọ rárá. Kì í ṣe ohun tí ìyá gbé, kì í ṣe ohun tó jẹ, kì í ṣe ìbínú rẹ̀ ló fà á; ní ọ̀pọ̀ ìgbà ọlẹ̀ náà kò pé láti ìpìlẹ̀ ni. Èyí tó kù sábà máa ń dàgbà dáadáa bí oyún bá ṣì kéré. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún obìnrin náà pé kó má banújẹ́ torí pé ọ̀kan ṣì kù. Ọmọ méjì ló rí lójú ẹ̀rọ.

Àsìkò tó dára jù lọ ni ọ̀sẹ̀ 11 sí kí ọ̀sẹ̀ 14 tó pé, nígbà tí gígùn ọlẹ̀ láti orí dé ìdí wà láàárín mílímítà 45 sí 84. Lásìkò yìí ni iye ibi ọmọ ń hàn kedere jù. Bí ibi ọmọ méjì bá wà ní ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìṣòro ò sí. Àmọ́ ibi ọmọ méjì lè dàgbà pàdé ara wọn kí wọ́n dà bí ọ̀kan. Ibi tí awọ tó pààlà sáàárín àwọn ọmọ ti kan ibi ọmọ ni olùwòran, ẹni tó ń ṣe síkáànù náà, gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́. Bí ibi ọmọ bá jẹ́ méjì, ẹran rẹ̀ á wọ àárín awọ náà díẹ̀, ìdí awọ á nípọn bí igun mẹ́ta kékeré, kó tó wá tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, awọ náà á tín-ín-rín láti ìdí, á dúró ṣánṣán lórí ibi ọmọ bí lẹ́tà T. Bí kò bá sí awọ rárá, àpò kan ni àwọn méjèèjì wà.

Igun mẹ́ta yìí máa ń parẹ́ bí oyún ṣe ń dàgbà, ní ọ̀sẹ̀ 20 ó lè ti lọ pátápátá. Nígbà yẹn, àfi kí ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin kí èkejì jẹ́ obìnrin kí a tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ibi ọmọ méjì ni. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú àwòrán ibẹ̀ fún yín. Kí ìwé síkáànù yín sọ iye ọmọ, iye ibi ọmọ, iye àpò omira, gígùn ọmọ kọ̀ọ̀kan àti lílù ọkàn rẹ̀, kó sì sọ èyí tó wà lápá òsì àti èyí tó wà lápá ọ̀tún, kí a má bàa fi Ọmọ Kìíní pe Ọmọ Kejì nígbà tó bá yá. Èyí tó gùn jù nínú àwọn méjèèjì ni a fi ń ka ọjọ́ orí oyún, nítorí bí a bá fi ti kékeré kà á, a lè má tètè mọ̀ pé kò dàgbà dáadáa. Bí olùwòran kò bá lè sọ iye ibi ọmọ, kí ẹlòmíràn tó nírìírí jù ú lọ wò ó; bí kò bá tún hàn, ọ̀kan ni kí wọ́n kà á sí, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ibi ọmọ kan ṣoṣo, òpó ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ méjèèjì sábà máa ń so pọ̀. Nínú 100 irú oyún bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 10 sí 15 ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń ṣàn láti ara ọ̀kan sí ara èkejì ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó ń fúnni á gbẹ, omira rẹ̀ á tán. Èyí tó ń gbà á kún àkúnjù, omira rẹ̀ á pọ̀, ọkàn rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Bí a kò bá tètè rí i, a lè pàdánù àwọn méjèèjì. Bí a bá tètè rí i, àwọn onímọ̀ lè fi iná lésà dí òpó tó so wọ́n pọ̀. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣe síkáànù fún oníbi ọmọ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ọ̀sẹ̀ 16, tí oníbi ọmọ méjì sì ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Láàárín méjì, bí ikùn bá ṣàdédé wú láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó le gbagidi, tí èémí ò sì délẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá.

Iye ibi ọmọ kan náà ló ń sọ ọjọ́ ìbí. Bí ohun gbogbo bá ń lọ déédéé, wọ́n sábà máa ń dá ọ̀sẹ̀ 37 fún oníbi ọmọ méjì, ọ̀sẹ̀ 36 fún oníbi ọmọ kan alápò méjì, àti láàárín ọ̀sẹ̀ 32 sí kí 34 tó pé fún alápò kan. Ọ̀pọ̀ kò sì ní dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá: nínú 100 oyún ìbejì, nǹkan bí 60 ló ń bí fúnra wọn kó tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà wọ́pọ̀ sí i. Dókítà lè kọ asipirín kékeré, mílígíráàmù 75 sí 150 lójúmọ́, láti ọ̀sẹ̀ 12 fún ẹni tó bá yẹ; ẹ má lò ó láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ fún yín. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì: ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

Ohun kan ṣì kù ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ìrora tó mú ẹ̀gbẹ́ kan ikùn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, òyì, dídákú tàbí ìrora lórí èjìká, lè jẹ́ oyún tó dúró síta ilé ọmọ. Bí síkáànù bá tilẹ̀ ti rí ọmọ kan nínú ilé ọmọ, èkejì ṣì lè wà nínú ọ̀pá ẹyin, pàápàá lẹ́yìn IVF. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi "a ti rí ọmọ nínú ilé ọmọ" dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ padà sílé láìtún un wò.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, torí obìnrin tí kò ṣe síkáànù rí yóò ṣì máa wọlé sí yín pẹ̀lú ìrọbí. Ẹ fọwọ́ wá ikùn náà dáadáa: bí orí àti ìdí tí ẹ rí lápapọ̀ bá lé ní méjì, ẹ mú un ní ìbejì. Lẹ́yìn tí ọmọ bá sì bí, kí ẹ tó fún ìyá ní abẹ́rẹ́ oxytocin ìwọ̀n yúnìtì 10 (10 IU) tí ó ń dí ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ rí i dájú pé kò sí ọmọ mìíràn níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn á mú kí ilé ọmọ fún pinpin; bí ọmọ kejì bá ṣì wà nínú, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé èémí lọ bá a á dínkù, kò sì ní rọ́nà jáde. Ẹ dì ìwọ́ ọmọ àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó gé e, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ti ọmọ nìkan. Bí ó bá jẹ́ ibi ọmọ kan ni wọ́n jọ ń lò, ẹnu ìwọ́ tí a kò dì ní ìhà ti ìyá lè máa ṣẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a kò tíì bí.